Ẹni tí à ń tọ́jú ló ni ara rẹ̀: ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwọn aláàbọ̀ ara àti ará ilé wọn ní Àjàṣẹ́, Kétu àti Sábẹ

Àwọn ìbéèrè yìí ni wọ́n máa ń bi wá lẹ́yìn ìpàdé àwa aláàbọ̀ ara ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo ní Benin, àti nígbà tí a bá lọ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ní Kétu àti ní Sábẹ. Àwọn kan ń fi ìtìjú béèrè, àwọn kan ń fi ìbínú béèrè. Mo dáhùn wọn gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Láti kékeré ni mo ti ń fi ọ̀pá méjì rìn, ọ̀pọ̀ ọdún sì ni ẹlòmíràn fi ń bá mi pinnu aṣọ tí mo máa wọ̀ àti ìgbà tí mo lè jáde.

Kí ló túmọ̀ sí pé kí aláàbọ̀ ara máa darí ìtọ́jú ara rẹ̀?

Ẹ wo ọjọ́ kan ṣoṣo nínú ayé ẹni tí kò lè dá dìde. Ta ló pinnu ìgbà tí wọ́n jí i? Ta ló pinnu bóyá omi gbígbóná ni wọn yóò fi wẹ̀ ẹ́ àbí omi tútù, bóyá ẹ̀kọ ni yóò mu àbí búrẹ́dì ni yóò jẹ, bóyá iwájú ilé ni yóò jókòó sí tí yóò ti máa rí àwọn tó ń kọjá, àbí inú yàrá? Ní ilé púpọ̀, wọ́n ti pinnu gbogbo rẹ̀ tán kí wọ́n tó wọ yàrá rẹ̀. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, wọn kò febi pa á, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi í léèrè.

Ohun tí à ń fẹ́ ni pé kí ìpinnu wọ̀nyẹn padà sọ́wọ́ ẹni tó ni ara. Kí ó yan ẹni tí yóò ràn án lọ́wọ́. Kí ó sọ ìgbà àti ọ̀nà tí wọn yóò gbà ràn án lọ́wọ́. Kí ó mọ iye owó tó wà fún ìtọ́jú rẹ̀ àti ohun tí wọ́n ń fi ṣe. Kí ó sì lè sọ pé rárá, kí ẹnikẹ́ni má bínú sí i nítorí ẹ̀. Ó lè má lè gbé ṣíbí dé ẹnu, síbẹ̀ òun ló mọ ìgbà tó yó.

Ṣé kì í ṣe àṣà òyìnbó lẹ fẹ́ kó wọ ilé wa?

Àwọn baba wa ló ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Àwọn náà ló ń pe ẹni tí ara rẹ̀ yàtọ̀ ní ẹni òrìṣà, ọwọ́ Ọbàtálá, tí wọ́n sì kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tó bà mí nínú jẹ́ ni pé a mú ọ̀wọ̀ yẹn, a fi ìbéèrè sílẹ̀. À ń bọ̀wọ̀ fún ẹni òrìṣà, a kò sì bi í ní ohun tó fẹ́ jẹ.

Òótọ́ ni pé ìlú òyìnbó ni àwọn tó sọ ọ̀rọ̀ yìí di ìjà gbangba wà. Ṣùgbọ́n aláàbọ̀ ara bíi tiwa ni wọ́n, kò sì sẹ́ni tó gbé e fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ ọdún 14 ni Ed Roberts, ọmọ Kalifọ́níà ní Amẹ́ríkà, nígbà tí pólíò mú un ní 1953. Láti ọrùn wálẹ̀, ara kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́, àfi ìka díẹ̀. Inú ẹ̀rọ irin tó ń bá a mí ló ń sùn. Iléeṣẹ́ ìjọba tó yẹ kó ràn án lọ́wọ́ láti kàwé sọ pé àìlera rẹ̀ ti pọ̀ jù, kò lè ṣiṣẹ́ láéláé. Ó bá wọn fà á títí ó fi wọ Yunifásítì Berkeley ní 1962, inú ilé ìwòsàn yunifásítì náà ló sì ń gbé. Ní 1972, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dá ibùdó kan sílẹ̀ ní Berkeley, tí àwọn aláàbọ̀ ara fúnra wọn ń darí, tí wọ́n ti ń kọ́ ara wọn bí a ṣe ń wá olùrànlọ́wọ́, bí a ṣe ń kọ́ ọ níṣẹ́, àti bí a ṣe ń dá a dúró bí kò bá ṣe dáadáa. Ní 1975, gómìnà fi Ed Roberts jẹ olórí iléeṣẹ́ kan náà tó sọ pé kò ní í wúlò.

Mo máa ń sọ ìtàn yìí fún àwọn òbí tó ti pinnu pé ọmọ àwọn kò lè dá nǹkan kan ṣe. Ẹni tí ìka díẹ̀ nìkan ṣì ń gbọ́ tirẹ̀ darí iléeṣẹ́ odidi ìpínlẹ̀ kan.

Òfin wo ló wà lẹ́yìn wa ní Benin?

Àdéhùn Àgbáyé lórí Ẹ̀tọ́ Àwọn Aláàbọ̀ Ara ni àkọ́kọ́. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí i ní oṣù Kejìlá 2006, Benin sì tẹ́wọ́ gbà á ní oṣù Keje 2012. Abala 19 nínú rẹ̀ ní aláàbọ̀ ara lẹ́tọ̀ọ́ láti yan ibi tí yóò gbé àti àwọn tí yóò bá gbé, bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń yàn án. Abala 12 ní ẹni tí òfin mọ̀ ni, bíi gbogbo èèyàn, ó sì yẹ kí wọ́n ràn án lọ́wọ́ láti ṣe ìpinnu tirẹ̀. Abala 25 ní kí dókítà gba àṣẹ lẹ́nu òun fúnra rẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kan ara rẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣàlàyé tó yé e.

Benin náà ṣe òfin tirẹ̀: Òfin 2017-06 ti ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án 2017, lórí ààbò àti ìgbéga ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara. Ẹ kọ nọ́ńbà yẹn sínú fóònù yín. Nígbà tí ẹ bá dé búrò kan tí wọ́n ní kí ẹ padà wá lọ́la, ẹ dárúkọ rẹ̀. Ẹni tó mọ nọ́ńbà òfin tó ń gbèjà rẹ̀, ohùn mìíràn ni wọ́n fi ń dá a lóhùn.

Ǹjẹ́ ìjọba ń san owó tí mo lè fi gba olùrànlọ́wọ́?

Ní Sweden, òfin kan tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1994 fún àwọn tí àìlera wọn pọ̀ ní ẹ̀tọ́ sí owó tí wọ́n fi ń gba olùrànlọ́wọ́ tí wọ́n bá fẹ́. Ní Ìlú Ọba, òfin tí wọ́n ṣe ní 1996 ló gba ìjọba ìbílẹ̀ láyè láti kó owó ìtọ́jú lé aláàbọ̀ ara lọ́wọ́, kí òun fúnra rẹ̀ fi wá ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀.

Ní Benin, kò sí irú owó oṣooṣù bẹ́ẹ̀. Mo sọ ọ́ gbangba kí ẹnikẹ́ni má baà wá ta fọ́ọ̀mù owó aláàbọ̀ ara fún yín. Bí ẹni kan bá ní kí ẹ san nǹkan kí orúkọ yín tó wọ inú ìwé, ẹ má san án.

Ohun tó wà kéré, ṣùgbọ́n ẹ má fi sílẹ̀. Ní kọ́múùnù yín, ẹ béèrè búrò ìjọba tó ń ran ará ìlú lọ́wọ́, tí ọ̀pọ̀ wa ṣì ń pè ní CPS, tó ti di Guichet Unique de Protection Sociale báyìí. Ibẹ̀ ni ẹ ti máa béèrè káàdì aláàbọ̀ ara tí wọ́n ń pè ní carte d'égalité des chances. Ẹ béèrè ARCH pẹ̀lú, ètò tó ń san owó ìwòsàn fún àwọn tí ìṣẹ́ ń bá jà gidigidi. Ẹ tún béèrè bí ẹ ṣe lè rí ẹ̀yáwó Alafia bí ẹ bá ń tajà. Ẹ mú CIP, ìwé ìdánimọ̀ yín, dání. Bí ó bá ṣeé ṣe, kí aláàbọ̀ ara fúnra rẹ̀ lọ, kó sì fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó bá wá. Bí ẹ̀gbọ́n bá tẹ̀ lé e lọ, kí ẹ̀gbọ́n jókòó sẹ́yìn.

Ẹgbẹ́ àwọn aláàbọ̀ ara gbogbo Benin wà, FAPHB ni orúkọ rẹ̀ ní kúkúrú. Ẹ béèrè ẹgbẹ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ní àdúgbò yín.

Rọpárọsẹ̀ gba ohùn lẹ́nu bàbá wa. Báwo ni ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ ṣe máa pinnu?

Ìbéèrè yìí ni wọ́n ń bi wá jù, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ dáhùn rẹ̀.

Ẹni tí rọpárọsẹ̀ gba ohùn lẹ́nu rẹ̀ lè máa gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ ń sọ. Mo ti rí ilé tí wọ́n ti ń jíròrò ìsìnkú bàbá lójú bàbá, omi sì ń dà lójú rẹ̀, wọ́n ní àìsàn ló fà á. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ gbà pé ó ń gbọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́ rẹ̀. Ẹ wo apá ibi tó ṣì lè mì: ojú, ìka, ẹsẹ̀ kan, orí. Ẹ sọ fún un pé, “Bàbá, tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ pajú dé lẹ́ẹ̀kan. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ wo òkè.” Ẹ wá bi wọ́n ní ohun tí ẹ ti mọ ìdáhùn rẹ̀. Ṣé Sábẹ ni wọ́n bí yín sí? Ṣé èmi ni àkọ́bí yín? Ṣé àgbẹ̀ ni yín? Ẹ fi èké díẹ̀ sí àárín wọn. Bí ìdáhùn bá ń bọ́ sí i, ẹ ti rí ọ̀nà. Kí gbogbo ilé lo àmì kan náà, títí kan ọmọ tó ń gbé oúnjẹ wá, kí ẹ sì kọ ọ́ sára ògiri kí àlejò lè mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni kí ẹ máa béèrè lẹ́ẹ̀kan. “Ṣé ẹ fẹ́ jẹun àbí ẹ fẹ́ wẹ̀ kí a tó gbé yín síta?” ti di ìbéèrè mẹ́ta, kò sì sí bí ẹni tó ń pajú ṣe máa dá a lóhùn. Ẹ pa rédíò. Ẹ béèrè, kí ẹ sì dúró, kí ẹ dúró pẹ́ ju bí ara yín ṣe fẹ́ lọ, nítorí ìdáhùn rẹ̀ ń rin ọ̀nà jíjìn kó tó dé ojú rẹ̀. Ẹ gbé nǹkan méjì síwájú rẹ̀, ẹ̀wù funfun àti ẹ̀wù búlúù, ẹ wo èyí tí ojú rẹ̀ lọ sí. Ẹ ya àwòrán sórí páálí: omi, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ìrora, “ẹ yí mi”, àdúrà, “ẹ fi mí sílẹ̀ jẹ́ẹ́”. Ẹ má gbàgbé èyí tó kẹ́yìn yẹn.

Bí ó bá ń sọ bẹ́ẹ̀ ni sí gbogbo nǹkan, ó lè ti rẹ̀ ẹ́. Ẹ yí ìbéèrè náà padà. Bí ó bá ní òun fẹ́ jáde, ẹ bi í pé ṣé inú ilé ló fẹ́ wà. Bí ó bá tún ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ jẹ́ kó sinmi, kí ẹ padà wá.

Àbúrò mi obìnrin, ọpọlọ rẹ̀ kò yá. Ṣé òun náà lè pinnu?

Ó ń pinnu báyìí náà, ẹ kò kà á kún ni. Nígbà tó bá ti àwo sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó sá fún àǹtí kan, tó di ọwọ́ èkejì mú, ìpinnu ni. Ẹ fún un ní àyè láti yan nǹkan kéékèèké lójoojúmọ́, nítorí ibẹ̀ ni èèyàn ti ń kọ́ ọ. Ọmọ tí wọn kò jẹ́ kó yan bàtà rí, kò lè yan ọkọ.

Bí ọ̀rọ̀ náà bá ṣòro, bí ilé tuntun tàbí iṣẹ́ abẹ, ẹ gé e sí wẹ́wẹ́. Ẹ mú un lọ wo ibẹ̀. Ẹ fi àwòrán ṣàlàyé. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó fọkàn tán wà níbẹ̀, kí òun fúnra rẹ̀ sì yan ẹni náà. Olùrànlọ́wọ́ lè ṣàlàyé, ó lè rán an létí, kò gbọdọ̀ dáhùn fún un.

Bí ohun tó yàn bá léwu ńkọ́?

Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé ta ni ewu náà kàn. Ọ̀pọ̀ ohun tí à ń pè ní ewu, ìtìjú tiwa ni. “Wọn á rí i níta.” “Á ṣubú lójú ọ̀nà.” Èmi ti ṣubú ní ọjà Ouando, mo dìde, mo ra ata tí mo wá rà. Gbogbo èèyàn ló ń ṣubú, ẹni tí wọ́n ti mọ́lé nìkan ni kì í ṣubú.

Ewu tòótọ́ wà. Egbò ìdùbúlẹ̀ jẹ́ ọ̀kan, ó sì ń pa èèyàn nílé wa láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dárúkọ rẹ̀. Bí ẹni tí kò lè yí ara rẹ̀ bá dùbúlẹ̀ sójú kan, ẹ̀jẹ̀ kì í lè dé ibi tí egungun ti tẹ ara mọ́ ẹní: ìdí, ìbàdí, gìgísẹ̀, èjìká. Awọ ibẹ̀ á kọ́kọ́ yí àwọ̀ padà, á gbóná, á wá là, kòkòrò á sì wọlé títí dé egungun. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí a máa yí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní wákàtí méjì méjì, lóru pẹ̀lú. Bí ó bá wá ní òun kò fẹ́ kí ẹ jí òun lóru ńkọ́? Ẹ ṣàlàyé ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yìí fún un. Ẹ fi ọwọ́ rẹ̀ kan ibi tó ń gbóná, tàbí kí ẹ fi fóònù ya ẹ̀yìn rẹ̀, kí ó rí i fúnra rẹ̀. Ẹ wá bi í bí ẹ ṣe lè ṣe é tí oorun rẹ̀ kò fi ní í bàjẹ́: ìrọ̀rí sáàárín orúnkún, yíyí i láìtan iná, láìsọ̀rọ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń pè ní olóríkunkun, kò sẹ́ni tó ṣàlàyé ìdí nǹkan fún wọn rí.

Lẹ́yìn àlàyé tó yé e, bí ó bá ṣì ní rárá, ẹ gbà á fún un lónìí, kí ẹ tún bi í lọ́la.

Ta ló yẹ kó jẹ́ olùrànlọ́wọ́? Ṣé a lè mú ọmọ kékeré wá láti abúlé?

Rárá o. Mo mọ̀ pé ó wọ́pọ̀. Wọ́n á mú ọmọbìnrin kékeré wá kó máa fa ọwọ́ bàbá tí kò ríran kiri ọjà, tàbí kó máa gbé ìyá àgbà sùn, kó máa gbé e dìde. Ilé ẹ̀kọ́ ọmọ náà á bàjẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ á sì bàjẹ́. Benin ní òfin tó ń dáàbò bo ọmọdé, Òfin 2015-08. Aláàbọ̀ ara náà kò jèrè níbẹ̀, torí kò sí bí ọmọ ọdún mẹ́wàá ṣe lè gbé àgbàlagbà láìjù ú sílẹ̀.

Àgbàlagbà ni kí ẹ wá, kí ẹni tí yóò tọ́jú sì wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń bá onítọ̀hún sọ̀rọ̀. Òun ni kó béèrè ìbéèrè. Ẹ jẹ́ kó dán an wò fún ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó pinnu. Bí ará ilé bá ní “ọmọ dáadáa ni” tí aláàbọ̀ ara sì ní ara òun kò balẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ti aláàbọ̀ ara ni kí ẹ tẹ̀ lé, kódà bí kò bá lè sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ san owó fún iṣẹ́. Láti oṣù Kìn-ín-ní 2023, 52,000 sẹ́fà lóṣù ni owó tó kéré jù tí òfin Benin ní kí a san fún òṣìṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ilé kò lè san èyí fún odidi ọjọ́. Ẹ lè gba èèyàn fún òwúrọ̀ nìkan, wákàtí méjì tó ṣòro jù, kí ará ilé ṣe ìyókù. Ilé méjì ní àdúgbò kan lè gba ẹnì kan ṣoṣo, kí wọ́n jọ pín owó rẹ̀.

Ìwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ń tì mí lójú. Ṣé mo lè ní kì í ṣe ẹni yìí?

Ẹ lè sọ ọ́, kò sì yẹ kí ẹ bẹ̀bẹ̀. Obìnrin lè ní obìnrin ni kó wẹ òun, ọkùnrin lè ní òun kò fẹ́ kí ìyàwó ọmọ òun rí ìhòòhò òun. Kí wọ́n kan ilẹ̀kùn. Kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe kí wọ́n tó ṣe é. Ibi tí ọwọ́ yín bá dé, kí wọ́n fi kànrìnkàn lé yín lọ́wọ́.

Mo jókòó nínú àgbàlá kan ní Kétu, tí obìnrin kan ń darí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti dàgbà, bí yóò ṣe gbé e láti orí ẹní sórí kẹ̀kẹ́ arọ. Ó ní, “Fi orúnkún rẹ ti orúnkún mi. Má fà mí lápá, èjìká yẹn ń dùn mí. Gbá mi mú lẹ́yìn, níbi tí mo so ìró mọ́. Dúró ná. Ó di ẹ̀ẹ̀kan, ó di ẹ̀ẹ̀jì, ó yá!” Ọmọbìnrin náà làágùn, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí obìnrin náà jókòó tán, ó fọwọ́ ara rẹ̀ yẹ bíréèkì kẹ̀kẹ́ wò, ó tún ìró rẹ̀ so, ó ní kí wọ́n gbé àtẹ ata òun wá. Kò gbé ara rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló ṣe iṣẹ́ náà. Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo wa mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn: kí a lè ṣàlàyé ara wa fún ẹlòmíràn ní gbólóhùn kúkúrú tó ṣe kedere. Bí ẹ kò bá tíì mọ̀ ọ́n, ẹ máa sọ ọ́ sókè fún ara yín lórí ibùsùn títí yóò fi já geere.

Ẹ̀gbọ́n wa ní Èkó ń fi owó ránṣẹ́ fún ìtọ́jú mi, ọwọ́ àǹtí ló ń gbà. Ṣé mo lè béèrè iye tó jẹ́?

Owó yín ni. Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n kí wọ́n máa fi ránṣẹ́ sórí nọ́ńbà tiyín, MoMo tàbí Moov, tí ẹ fi CIP ara yín forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Kódù rẹ̀, ẹ̀yin nìkan ni kó mọ̀ ọ́n. Bí ẹ kò bá ríran, ẹ wá ẹni kan tí yóò máa ka mẹ́sẹ́ẹ̀jì fún yín, kí ẹnì kejì sì tún un kà lọ́jọ́ mìíràn. Àǹtí ṣì lè máa lọ sí ọjà, ẹ̀yin ni kí ẹ máa kó owó fún wọn. Ẹ ṣe é pẹ̀lú ọ̀wọ̀: “Àǹtí, ẹ ti ṣe wàhálà lórí mi púpọ̀, ẹ jẹ́ kí n máa bá yín gbé díẹ̀ nínú ẹrù náà.”

Ní ilé ìwòsàn, dókítà kì í wo ojú mi, ẹni tó mú mi wá ló ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹ bá ẹni tó ń mú yín lọ ṣe àdéhùn nílé, kó máa dáhùn pé, “Dókítà, ẹ bi wọ́n.” Ó tó. Lẹ́yìn ìgbà méjì tàbí mẹ́ta, dókítà á yíjú. Ẹ sì ní ẹ̀tọ́ láti ní kí ará ilé jáde síta nígbà tí wọ́n bá ń yẹ̀ yín wò.

Fún àwọn adití, ọ̀rọ̀ náà le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èdè ọwọ́ tí àwọn adití Benin ń sọ wá láti ara ti Amẹ́ríkà, nípasẹ̀ àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí Andrew Foster, adití ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ dá sílẹ̀ káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti 1957. Ará ilé púpọ̀ kò gbọ́ èdè náà, àmì ilé lásán ni wọ́n mọ̀. Bí adití bá fẹ́ bá dókítà sọ̀rọ̀ oyún tàbí àrùn àṣírí, kò yẹ kó jẹ́ ọmọ rẹ̀ ni yóò máa túmọ̀. Kí ó yan ògbufọ̀ tó fọkàn tán.

Ẹni tí orí rẹ̀ dàrú ńkọ́? Ṣé kì í ṣe pé a gbọ́dọ̀ dè é?

Ẹ má dè é. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kì í wo àrùn ọpọlọ sàn, egbò ló ń dá sí ọrùn ẹsẹ̀. Ọmọ Benin ni Grégoire Ahongbonon, iṣẹ́ àtúnṣe táyà ló ń ṣe ní Bouaké, Côte d'Ivoire, kì í ṣe dókítà. Òun ló dá ẹgbẹ́ Saint-Camille sílẹ̀, tí wọ́n ti tú ọ̀pọ̀ èèyàn tí wọ́n so mọ́ igi sílẹ̀. Ẹgbẹ́ náà ní ibùdó ní Avrankou, tí kò jìnnà sí Àjàṣẹ́. Àwọn tí ara wọn ti yá wà lára àwọn tó ń tọ́jú ẹlòmíràn níbẹ̀.

Nígbà tí orí rẹ̀ bá balẹ̀, ẹ bi í pé: bí ó bá tún bẹ̀rẹ̀, ta ló fẹ́ kí a pè? Oògùn wo ló mọ̀ pé ó bá òun lára mu? Ibo ni kò fẹ́ kí a gbé òun lọ? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì tẹ̀ lé e lọ́jọ́ tó bá le. Bákan náà ni pẹ̀lú ilé àdúrà, alfa àti babaláwo. Bí òun bá fẹ́ lọ, kí ó lọ. Bí ó bá ní òun kò lọ, kí ẹnikẹ́ni má gbé e sórí zémíjàn ní tipátipá.

Ìgbéyàwó àti ọmọ bíbí?

Ẹ̀tọ́ wa ni, Abala 23 àdéhùn àgbáyé náà sọ ọ́. Kò sí ẹni tó láṣẹ láti fi abẹ́rẹ́ tàbí iṣẹ́ abẹ dá ọmọ bíbí dúró fún obìnrin nítorí pé ó jẹ́ aláàbọ̀ ara.

Èmi ni mò ń tọ́jú ìyá mi. Ó ti rẹ̀ mí. Ṣé kì í ṣe iṣẹ́ lẹ tún ń fi kún iṣẹ́ mi?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń kí yín. Àwọn tó ń ṣe é sọ fún wa pé ìjà ló ń dín kù nígbà tí wọ́n bá ń béèrè. Oúnjẹ tí ìyá fúnra wọn yàn, wọn kì í tu ú dànù. Ṣùgbọ́n bí kò bá tilẹ̀ dín iṣẹ́ yín kù, ohun tí mo sọ ṣì dúró. Ẹ̀yin náà lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé ẹ kò lè ṣe apá kan, kí àwọn àbúrò yín gbé e. Ẹ pe ìpàdé ẹbí, kí ìyá wà níbẹ̀, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n fẹ́, kí ẹ̀yin sọ ohun tí agbára yín ká, kí àwọn tó wà ní Kútọnu sì sọ iye tí wọn yóò máa mú wá.

Olùtọ́jú mi ń lù mí, ó sì ń jí mi lówó. Mo ń bẹ̀rù pé bí mo bá sọ ọ́, kò ní í sí ẹni tí yóò tọ́jú mi.

Ẹ sọ ọ́. Ẹ sọ ọ́ fún ẹni tí kì í gbé ilé yẹn: ọ̀rẹ́, olórí àdúgbò, òṣìṣẹ́ Guichet Unique, ẹgbẹ́ wa, ọlọ́pàá. Kí ọjọ́ burúkú tó dé, ẹ ti ní èèyàn méjì tí nọ́ńbà wọn wà lórí yín, tí ẹ lè fi ohùn ránṣẹ́ sí lórí WhatsApp. Ará àdúgbò, bí ẹ bá rí i tí aláàbọ̀ ara kan kì í jáde mọ́, tí wọ́n sì ń sọ pé ó ń sùn nígbà gbogbo tí ẹ bá wá kí i, ẹ tẹra mọ́ wíwá.

Aláàbọ̀ ara ni mí, n kò fẹ́ bá ẹbí mi jà. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ mú ohun kan tó ń dùn yín jù, kó sì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò fi lè ní kò ṣeé ṣe. Fún ẹnì kan ní Sábẹ, àkókò ìwẹ̀ ni: aago márùn-ún àárọ̀ ni wọ́n ń wẹ̀ ẹ́ nígbà ọyẹ́, ó sì fẹ́ kí oòrùn yọ ná. Kò sọ ohun mìíràn ju ìyẹn lọ. Wọ́n gbà. Lẹ́yìn náà ló tó kan ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò máa wẹ̀ ẹ́.

Kí ẹ tún ṣe ìwé ojú kan. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n kọ, ẹ sọ ọ́ sínú fóònù. Ẹ sọ orúkọ tí ẹ fẹ́ kí wọ́n máa pè yín, bí wọ́n ṣe máa gbé yín, ibi tó ń dùn yín, oògùn àti àkókò rẹ̀, ohun tí ẹ kò fẹ́ rárá, àti ẹni tí wọ́n máa pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ẹ fi ẹ̀dà kan há ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá yín, kí ẹ fi èkejì sínú àpò kẹ̀kẹ́ yín, kí ẹni tuntun tó bá wá tọ́jú yín kà á kó tó fọwọ́ kàn yín.